Ìlú Niamey àti Àwọn Ìwé Àkọ́kọ́ Lórí Ooru Òfuurufú

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ọ́n kò fi òwe náà mọ sí ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìmọ̀, tí ìmọ̀ náà sì ti gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kí ó tó dé etí wa, ìgbà náà gan-an ni òwe yìí wúlò jù. Lóde òní, ọmọ ilé ìwé tí kò tíì gbọ́ pé ayé ń gbóná sí i, àti pé afẹ́fẹ́ kan wà lókè tí í máa dá ooru ilẹ̀ dúró kí ó má baà tètè lọ, ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹni náà rí kí ó tó wí i, àti irú òṣùwọ̀n tí ó lò, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Ìwé àwọn tí ó kọ́kọ́ wí i kò sọnù. Wọ́n wà ní àkọsílẹ̀, díẹ̀ nínú wọn kò sì gùn ju ohun tí ènìyàn lè kà tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé òǹkàwé mi ni pé ìwé wọ̀nyí kì í ṣe ogún àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nìkan, nítorí pé ìlú kan wà ní ìhà tiwa níhìn-ín, Niamey, olú ìlú Nìjẹ̀r, tí ojú ọ̀run rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tí àwọn aṣáájú náà fi sílẹ̀, tí ọmọ bíbí ilẹ̀ rẹ̀ sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ìwé náà fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Niamey ìlú etí odò, ìlú iyanrìn pupa, kì í ṣe ìlú tí ìtàn rẹ̀ jìnnà bí ti Agadez tàbí ti Zinder. Ìletò ni ó jẹ́ nígbà tí àwọn ológun Faransé wá tẹ̀dó síbẹ̀, ọdún 1926 ni wọ́n sì gbé olú ìlú kúrò ní Zinder wá síbẹ̀ pátápátá. Odò Ọya tí ó gba ẹsẹ̀ ìlú náà kọjá ni Odò Ọya kan náà tí í ṣàn wọ Nàìjíríà, tí í gba Jẹ́bà kọjá lọ pàdé Bẹ́núè ní Lọ́kọ́jà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá sì ti ń ná ọjà Niamey láti ayé àwọn Faransé, débi pé ooru ibẹ̀ kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ fún ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù March títí dé May, ooru ọ̀sán a máa ju ìwọ̀n 40 ti Celsius lọ; láti June dé September ni òjò máa ń rọ̀, kì í sì í pọ̀. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, tí ìkúukùu kò sí lójú ọ̀run, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ táútáú, bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni ooru ọ̀sán a bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ẹni tí ó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ ní ọ̀sán yóò sì máa wá aṣọ ìbora ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ibo ni ooru náà gbà lọ? Kí ni kò jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀ nígbà òjò? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó bí gbogbo ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìṣirò dojú kọ ọ̀rọ̀ náà ni Joseph Fourier, ọmọ aránṣọ ìlú Auxerre ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ ní kékeré, tí kò jẹ́ kí ìyà òrukàn sọ òun di ẹni ẹ̀yìn. Fourier mọ oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí pé ó bá Napoleon lọ sí Íjíbítì ní 1798, kò sì padà sílé títí di 1801. Lẹ́yìn tí ó ti tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí bí ooru ṣe ń rìn jáde ní 1822, ó gbé ìwé kúkurú kan kalẹ̀ ní 1824, èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní 1827, lórí ohun tí ó mú kí ayé gbóná tó bí ó ti gbóná. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà dé ọ̀dọ̀ ayé: láti ọ̀dọ̀ oòrùn, láti inú lọ́hùn-ún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, àti láti ọ̀dọ̀ àìlóǹkà ìràwọ̀ tí ó yí wa ká. Ó gbé ti àwọn ìràwọ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa afẹ́fẹ́ dúró títí di òní: pé ooru tí ó bá ìmọ́lẹ̀ oòrùn wá a máa la afẹ́fẹ́ kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ilẹ̀, tí ó sì di ooru tí kò ní ìmọ́lẹ̀ mọ́, ìpadàsókè rẹ̀ a nira.

Ẹ̀rí tí Fourier fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ni àpótí Horace-Bénédict de Saussure, ọmọ ìlú Geneva, tí ó ti kú ní 1799. Saussure fi kọ́ọ̀kì tí ó nípọn, irú èyí tí a fi ń dé ìgò, tẹ́ inú àpótí náà, ó sì kùn ún ní dúdú kirikiri. Ó to dígí mímọ́ gaara lé e lójú, ọ̀kan lórí èkejì, ó fi àlàfo sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè wà níbẹ̀. Ó fi òṣùwọ̀n ooru sínú rẹ̀, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn. Ooru inú àpótí náà ga ju èyí tí omi fi ń hó lọ. Ó gbé e gun orí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù ju ti ìsàlẹ̀ lọ gan-an, síbẹ̀ ooru inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Níhìn-ín ni ẹni tí ó ka Fourier fúnra rẹ̀ yóò ti rí ohun kan tí àwọn tí ń ròyìn rẹ̀ máa ń fò dá. Fourier kò sọ pé òfuurufú àti àpótí jẹ́ ọ̀kan náà. Ó ní bí ó bá ṣe pé afẹ́fẹ́ lè dúró gbọin lójú kan, ìpele lórí ìpele, láìmira, ìbá ṣiṣẹ́ bí dígí wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa rìn, ooru a sì máa bá a gòkè. Ìkìlọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ayé òde òní ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ó ti wà nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpótí Saussure kò kú sí Geneva. Ní 1965, ìjọba Nìjẹ̀r dá ilé iṣẹ́ agbára oòrùn sílẹ̀ ní Niamey, ONERSOL ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ó sì gbé orúkọ rẹ̀ ga ni Abdou Moumouni Dioffo, ọmọ Tessaoua, abójú-oòrùn-ṣòwò, ẹni tí a bí ní 1929. Láti ilé ìwé William Ponty ní Senegal ni ó ti dé Paris, níbi tí ó ti di agrégé nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1956, òun ni àwọn ènìyàn sì kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń sọ èdè Faransé. Ó lọ sí Moscow láti túbọ̀ jìn nínú ìmọ̀ agbára oòrùn, ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Bamako, kí ó tó wá di olórí ONERSOL. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gbóná omi: páànù tí a kùn ní dúdú, tí páìpù omi lẹ̀ mọ́ lára, dígí lókè rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jò lábẹ́ rẹ̀, àgbá omi ní ibi tí ó ga jù ú lọ. Bí oòrùn bá ti mú páànù náà, omi inú páìpù a fúyẹ́, a gòkè lọ sínú àgbá fúnra rẹ̀, omi tútù a sì sọ̀kalẹ̀ wá gba ipò rẹ̀, láìsí iná mànàmáná, láìsí ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ẹ̀kọ́ Saussure àti ti Fourier pàdé nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo: dígí tí kì í jẹ́ kí ooru lọ, àti ohun tí ó gbóná tí í máa gòkè. Ọkùnrin yìí kò rí ìwé àwọn aṣáájú bí ohun ọ̀ṣọ́ orí pẹpẹ. Ó kà á, ó lóye rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di omi gbígbóná fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Fourier kò sọ ohun náà gan-an nínú afẹ́fẹ́ tí í dá ooru dúró. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, ni ó kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ọ. Ó mú ìgò gígùn méjì, ó fi òṣùwọ̀n ooru sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin gbóná ju afẹ́fẹ́ gbígbẹ lọ, afẹ́fẹ́ kábọ́nì sì gbóná ju gbogbo wọn lọ, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó tutù nígbà tí a gbé e kúrò nínú oòrùn. Ní August 1856, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Albany, ọkùnrin ni ó bá a ka ìwé náà. Ìwé yìí kò ju ojú ìwé méjì lọ, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀ pé bí òfuurufú bá ní irú afẹ́fẹ́ yìí lọ́pọ̀, ayé yóò gbóná sí i. Ó lé ní 150 ọdún tí ayé fi gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí ìgò Foote kò lè ṣe ni pé kí ó ya ooru oòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ooru aláìnímọ́lẹ̀ tí ilẹ̀ ń tú sókè. John Tyndall, ọmọ Írẹ́láǹdì, agùnkè-má-bojú-wẹ̀yìn, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè Weisshorn ní 1861, ni ó ṣe èyí nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò rẹ̀ ní London láti 1859. Páìpù idẹ gígùn ni ó lò. Ìgbóná omi híhó ni ó fi ránṣẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ẹnu méjèèjì páìpù náà ni ó ti fi òkúta iyọ̀ tí a gé pẹlẹbẹ, tí a sì dán, dé e. Ìdí tí ó fi yan iyọ̀ ni pé dígí kì í jẹ́ kí irú ooru yẹn kọjá, ṣùgbọ́n iyọ̀ a máa jẹ́ kí ó kọjá. Nǹkan tí àwọn oníràkúnmí ń gbé láti Bilma ní Nìjẹ̀r la aṣálẹ̀ kọjá fún ọbẹ̀ ni ó di fèrèsé fún ìmọ̀. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti náítírójìn, tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń mí sínú, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dí ooru lọ́wọ́ rárá. Ọ̀rinrin tí ó ti di afẹ́fẹ́ àti afẹ́fẹ́ kábọ́nì, tí wọn kò tó nǹkan, ni wọ́n ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ní February 1861 ni ó ka àbọ̀ rẹ̀ fún Royal Society.

Ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà kò ṣàìsí nínú ìwé Tyndall. Ó kọ ọ́ pé ní ilẹ̀ náà, níbi tí iyanrìn gbóná bí iná ní ọ̀sán, òtútù òru le débi tí ó fi ń nira láti fara dà, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó láti dá ooru dúró. Tyndall gbẹ́kẹ̀ lé ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò. Ohun tí àwọn ará Niamey ń fi ara wọn mọ̀ nígbà ọyẹ́ láti ìran dé ìran ni ó ń sọ. Lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, Svante Arrhenius, ará Sweden, ṣe ìṣirò tí ó gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní April 1896: bí afẹ́fẹ́ kábọ́nì bá di ìlọ́po méjì, mélòó ni ooru ayé yóò fi lé? Kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ sí Yúróòpù. Ó pín ayé sí ìbú-ìbú, ìwọ̀n mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ṣírò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà tí Niamey wà, láàárín ìwọ̀n 10 àti 20 ní àríwá, wà nínú tábìlì rẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 5 ni ó sì pè é. Àwọn onímọ̀ òde òní gbà pé èsì rẹ̀ ga díẹ̀, wọ́n fi ti gbogbo ayé sí nǹkan bí ìwọ̀n 3, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ni wọ́n ṣì ń tọ̀.

Ohun tí ó sọ Niamey fúnra rẹ̀ di ìlú àwọn awòjú-ọ̀run ni iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àti ìyà ọ̀dá. Ní 1963 ni wọ́n dá EAMAC sílẹ̀ níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìmọ̀ ojú ọjọ́ àti ètò ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá ńlá dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, tí ó pa màlúù, tí ó lé darandaran wọ ìgboro, tí ó sọ àgbẹ̀ di alágbe. Àwọn orílẹ̀-èdè Sàhẹ́lì kó ara wọn jọ ní 1973, wọ́n dá CILSS sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1974 wọ́n fi AGRHYMET sí Niamey láti máa ṣọ́ òjò, odò àti irúgbìn. ACMAD, tí í ṣe ti gbogbo Áfíríkà, tún tẹ̀lé e.

Nínú ìbànújẹ́ ọ̀dá yìí ni ìwé àkọ́kọ́ mìíràn ti jáde. Jule Charney, ọmọ Amẹ́ríkà, kíyè sí ohun ìyanu kan ní 1975: pé aṣálẹ̀, pẹ̀lú gbogbo oòrùn tí ń pa á, a máa pàdánù ìtànṣán ju èyí tí ó ń gbà lọ, nítorí pé iyanrìn funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ojú ọ̀run tí ó mọ́ sì ń jẹ́ kí ooru ilẹ̀ lọ. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò máa rọ́ wálẹ̀, òjò kò sì ní í rọ̀. Bí ẹran bá jẹ koríko tán, tí ilẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, aṣálẹ̀ yóò máa fún ara rẹ̀ lágbára. Ìwádìí ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn pé ìgbóná omi òkun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀dá náà, kì í ṣe ẹnu ẹran. Ó sì yẹ kí á rántí èyí, nítorí pé ẹ̀bi tí wọ́n dà lé darandaran lórí ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Charney béèrè mú kí wọ́n wá wọn ilẹ̀ náà. Ní 1992, àwọn oníwádìí kó ẹ̀rọ wá sí àyíká Niamey fún iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HAPEX-Sahel, wọ́n wọn ooru àti omi tí ń ti oko jéró àti igbó gòkè.

Níkẹyìn ni ọdún 2006 dé. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ibùdó ẹ̀rọ alágbèéká kan wá sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Niamey, ó sì lo ọdún kan gbáko níbẹ̀, lábẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní RADAGAST, tí Anthony Slingo ti Yunifásítì Reading ní England ṣe olórí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwọn ẹ̀rọ ilẹ̀ ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ilẹ̀, ooru tí ilẹ̀ ń tú sókè, àti ooru tí òfuurufú fúnra rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ GERB tí ó wà lára sátẹ́láìtì Meteosat, ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè, ń wọn èyí tí ó ń jáde kúrò láyé. Bàlóònù ń gòkè láti pápá náà, ó ń mú ìròyìn ọ̀rinrin àti ìgbóná wá láti ìpele dé ìpele. Bí a bá yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, ohun tí ó kù ni èyí tí òfuurufú mú sọ́wọ́. Iṣẹ́ tí páìpù Tyndall ṣe nínú yàrá ni wọ́n wá fi gbogbo ojú ọ̀run Niamey ṣe.

Ojú ọ̀run náà kò sì dójú tì wọ́n. Nígbà ọyẹ́, bí a bá sọ gbogbo ọ̀rinrin tí ó wà lókè Niamey di omi, kò ní ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Nígbà òjò ó di ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, ooru tí òfuurufú ń rọ̀ sílẹ̀ sì ń pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Tyndall ti wí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March, ìjì eruku ńlá kan jà wá láti Sàhárà, ó bo ìlú mọ́lẹ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wo irú ìjì bẹ́ẹ̀ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó dé ilẹ̀ já wálẹ̀ gidigidi, eruku náà sì gba ipò ìkúukùu, ó ń rọ ooru sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé èsì yìí wé ìṣirò inú kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i pé ìṣirò náà fi ojú kéré wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí eruku ń gbé mì. Ọdún náà gan-an ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ìwádìí mìíràn, tí ó jáde ní 2020, tún wo ooru burúkú tí ó mú gbogbo Sàhẹ́lì ní April 2010, ó sì fi hàn pé ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ gbé wọlé ni kò jẹ́ kí òru tutù. Ẹni tí ó ti ka Tyndall mọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kí á padà sí ìwé àkọ́kọ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, ìmọ̀ tí kò mọ orísun rẹ̀ kò sì le ju ìgbàgbọ́ lásán lọ. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn nìkan, ẹlòmíràn mìíràn ni yóò tún yí i lọ́kàn padà. Nínú ìwé àkọ́kọ́ ni a ti rí bí ẹni ńlá ṣe ń sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, bí Fourier ṣe ya àpótí sọ́tọ̀ kúrò lára òfuurufú, àti bí ọ̀wọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé e ṣe ń tún ara wọn ṣe láìsọ ara wọn di ọ̀tá.

Abdou Moumouni tẹ ìwé kan jáde ní 1964 lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà, ohun tí ó sì jà fún níbẹ̀ ni pé kí á máa fi èdè ilẹ̀ wa kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó di olórí yunifásítì ìlú Niamey kí ó tó papò dà ní 1991, orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì náà sì ń jẹ́ lónìí. Iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá jókòó pọ̀, kí wọ́n sọ àwọn ìwé wọ̀nyí di Yorùbá, kí àwọn ará Nìjẹ̀r sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Hausa àti Zarma. Kí á ti orí ìwé Eunice Foote bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ìwé méjì péré ni, ohun tí ó sì ṣe kò kọjá agbára ilé ìwé abúlé: ìgò méjì, òṣùwọ̀n ooru méjì, omi díẹ̀ nínú ọ̀kan, èkejì ní gbígbẹ, àti oòrùn tí Olódùmarè fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i bí òṣùwọ̀n ṣe gòkè nínú ìgò tí ó ní ọ̀rinrin, tí ó sì ka ìwé náà ní èdè ìyá rẹ̀, kò tún ní í jẹ́ àlejò nínú ìmọ̀ yìí mọ́.